Orúkọ Tó Wà Nínú Ìwé

"Màmá, ibẹ̀ yẹn ti mọ́ o."

Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ kò gbọ́. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ti ń fi mọ́ọ̀pù lọ, tó ń fi bọ̀ lójú kan náà lábẹ́ fèrèsé, níbi tí kò sí ìdọ̀tí kankan. Àǹtí Láíbìrì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó dìde nídìí tábìlì, ó lọ bá a.

Àǹtí Láíbìrì ni gbogbo ilé ìwòsàn náà ń pè é, látorí àwọn dókítà títí dórí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ rèé nínú yàrá ìkàwé kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilé náà, níbi tí àwọn oníṣègùn ti ń wá ka ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn níbòmíràn kọ. Màmá tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án. Àárọ̀ kan kì í kọjá kí wọ́n má kí ara wọn, "Ẹ káàárọ̀ mà," "Ẹ kú iṣẹ́ o," ọ̀rọ̀ kì í sì í kọjá bẹ́ẹ̀.

"Màmá, kí ló dé?"

Ìyá náà gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Kò sí nǹkan, Àǹtí." Ó fẹ́ fi mọ́ọ̀pù ti ògiri, mọ́ọ̀pù yọ̀, ó ṣubú gbàà. Ni ìyá bá bú sẹ́kún.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin ọdún méjìlá ni, ẹyọ kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bí kó tó kú. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti wà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ó wà lókè níbẹ̀ báyìí, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ọjọ́ kẹrin rèé.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ohun tí wọn ò mọ̀ náà nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ báyìí, ọmọ á lajú, á máa wò mí, á máa bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n apá ò ní gbéra, ẹsẹ̀ ò ní gbéra. Bí aṣọ tí òjò pa lórí okùn ló máa ń rí. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti ń sáré kiri àdúgbò. Ká tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ni dókítà fẹ́ rí? Ọmọ tó dúró ṣánṣán ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dáa. Dókítà Àgbà ní ó ń díbọ́n ni, pé ilé-ìwé ni kò fẹ́ lọ."

"Bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní mo ti kẹ́ ẹ bà jẹ́. Ọ̀la ló ń bọ̀ wá mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní ìlú tó jìn. Ẹ̀gbọ́n yẹn, Àǹtí, kì í fi ẹnu bá ọmọdé wí, bẹ́líìtì ni." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ọmọ tí kò lè gbé apá láàárọ̀, ta ni yóò ní sùúrù dúró dè é kó di ọ̀sán?"

Àǹtí Láíbìrì bẹ̀rẹ̀, ó gbé mọ́ọ̀pù, ó mú un dání, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ohun tó ń rò kò dùn mọ́ ọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí ti ń nu eruku kúrò lórí tábìlì òun, òun ò bi í léèrè rí pé ta ló kù sílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, dókítà kékeré kan wọlé, ó lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó wà ní kọ̀rọ̀. Ọdún tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́, aṣọ funfun tó wọ̀ ṣì ń tóbi jù ú lọ. Ó tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà náà, ó mí kanlẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún mí kanlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo bi kọ̀ǹpútà yín, ó di ẹrù lé mi lórí. Mo tẹ 'àárẹ̀ ọmọdé', ìwé tó kó wá lé ní ẹgbàárùn-ún. Ìgbà wo ni mo fẹ́ kà á tán? Mo wá ní kí n tẹ 'àárẹ̀ òwúrọ̀'. Ẹ wá wo ohun tó kó fún mi."

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ wò ó. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn aláboyún tó ń bì láàárọ̀ ni.

"Ọmọ ọdún méjìlá ni mo ń tọ́jú, Àǹtí!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Àǹtí béèrè pé, "Ọmọ wo ni?"

"Ọmọ kan ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà ni. Ọ̀gá mi ti parí ọ̀rọ̀ ẹ̀, wọ́n ní kí n kọ ìwé kó máa lọ sílé lọ́la. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ náà, ọkàn mi ò balẹ̀."

Àǹtí Láíbìrì ti mọ ọmọ tó ń wí. Ó lọ sídìí tábìlì rẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, ó gbé ìwé ńlá kan jáde tí wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà àìmọye.

"Kí nìyẹn?"

"Ìwé atọ́nà ọ̀rọ̀. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà, àmọ́ èmi fẹ́ràn kí n máa fọwọ́ ṣí i. Nílé yín, kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

Ẹnu ya dókítà. "Èmi? Ẹlẹ́nu ni ìyá mi ń pè mí. Bàbá mi ń pè mí ní Ìyá Àgbà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Àbígbẹ̀yìn."

"Nílé-ìwé ńkọ́?"

"Ohun tó wà nínú rẹ́jísítà ni wọ́n ń pè."

"Ó dáa. Ká ní mo wá sílé-ìwé yín, tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń pariwo 'Ẹlẹ́nu! Ẹlẹ́nu!' Ogójì ọmọ lè dá mi lóhùn, kí ìwọ gan-an má sì sí nínú wọn. Bí àká ìwé inú kọ̀ǹpútà yìí ṣe rí nìyẹn. Oníṣègùn kan á kọ 'àárẹ̀', òmíràn á kọ 'àìlágbára', ẹlòmíràn á ní 'ara tó já'. Àìsàn kan náà sì ni. Àwa tí à ń kó ìwé sínú àká á wá ka ìkọ̀ọ̀kan wọn, a ó fún wọn lórúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo wa ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Bí o bá mọ orúkọ yẹn, gbogbo wọn ni wàá bá pa pọ̀. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, ìwé yìí ni yóò mú ọ débẹ̀. Ó ṣáà ní ibi tó yẹ kéèyàn gbà wọlé."

Wọ́n ṣí i sí 'àárẹ̀'. Ìwé náà ní kí wọ́n lọ wo 'iṣan, àìlágbára'. Wọ́n débẹ̀, ó ní kí wọ́n tún wo 'ìrọlápá-rọlẹ́sẹ̀'. Dókítà kékeré mi orí.

"Ìyẹn ti le jù, Àǹtí. Ọmọ tó ń sáré lọ́sàn-án, ta ló fẹ́ sọ pé ó rọ?"

"Ìwé ló ń mú wa lọ. Jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ibi tó ń lọ."

Lábẹ́ 'ìrọlápá-rọlẹ́sẹ̀', oríṣiríṣi rẹ̀ tò sílẹ̀ bí ọmọ tó tò lẹ́yìn ìyá: ti apá kan ara, ti ojú, ti ẹsẹ̀ méjèèjì, ti àbímọ́ni, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó mẹ́rìnlá. Dókítà fi ìka tẹ̀ lé wọn lọ sísàlẹ̀, ó fi padà sókè, kò rí ọ̀kan tó jọ ti ọmọ rẹ̀.

Ni Àǹtí bá yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i."

Ìyá wọlé, ó ń nu ọwọ́ tó tutù mọ́ ara aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí dókítà gbọ́ ẹni tó jẹ́, ó dìde dúró.

"Màmá, ìyà àárọ̀ tó ń jẹ ọmọ yìí," Àǹtí ní, "ṣé ojoojúmọ́ ni?"

"Ojoojúmọ́ kẹ̀? Rárá o. Ó lè tó oṣù kan kó tó wá, ó sì lè wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Ìgbà tí mò ń bẹ̀rù jù ni ìgbà tí wọ́n bá sáré ìje nílé-ìwé. Ó ti rẹ̀ ẹ́, á jẹun yó kẹ́rí, á sùn. Tí mo bá ti rí i tó jẹun báyẹn, èmi fúnra mi kì í sùn."

"Ẹ ò sọ èyí fún wa, Màmá," dókítà ní.

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

Dókítà kékeré tẹ orí ba. Àǹtí ti padà sórí ìwé, ìka rẹ̀ ti dúró sórí ìlà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkẹyìn. Ó ka á sókè: "Ìrọlápá-rọlẹ́sẹ̀ alásìkò."

Wọ́n tẹ orúkọ náà bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́, wọ́n so 'ọmọdé' mọ́ ọn. Ohun tó lé ní ẹgbàárùn-ún di mẹ́tàlélógún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹjọ ni dókítà kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá kan ló wà níbẹ̀, tí ara rẹ̀ máa ń já láàárọ̀ lẹ́yìn eré sísá àti oúnjẹ púpọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sàn-án, kò sí nǹkan. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbà á ní ìdájí nígbà tí ọmọ ò tíì lè gbéra, wọ́n rí i pé èròjà kan tó ń jẹ́ pọ́táṣíọ̀mù, tí iṣan fi ń ṣiṣẹ́, ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Oògùn rẹ̀ wà, kò sì ṣòro rí.

"Aago méjì ọ̀sán la gba ẹ̀jẹ̀ tiwa," dókítà ní wẹ́rẹ́. "Olè ti jáde tán ká tó lọ ti ìlẹ̀kùn."

Ìyá ń wo ẹnu wọn. "Ṣé ó ń díbọ́n?"

"Rárá, Màmá," Àǹtí ní. "Ó jọ pé kò díbọ́n rí."

Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹ̀jẹ̀ náà lásìkò tí àìsàn bá wà lára ọmọ, ọ̀la sì ni bàbá rẹ̀ ń bọ̀.

Bàbá dé lóòótọ́. Káfíńtà ni, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní ìyá ìyàwó rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá ìkàwé, ó tẹ̀ríba kí gbogbo wọn.

"Màmá, ẹ kú ìtọ́jú. Mo wá mú ọmọ."

Dókítà kékeré ṣe àlàyé títí. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ, ó mí kanlẹ̀.

"Dókítà, ẹ má bínú. Ọ̀gá yín ló sọ fún mi pé kò sí nǹkan. Ẹ̀yin náà ń sọ pé nǹkan wà. Ta ni kí n wá gbà gbọ́? Láti ìgbà tí ìyá ọmọ yìí ti lọ, gbogbo ayé ló ń ṣàánú ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé àánú yẹn ló fẹ́ bà á jẹ́. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn ọmọ mi."

"A mọ̀, Bàbá Ọmọ," ìyá ìyàwó rẹ̀ ní.

Àǹtí Láíbìrì kò bá a jiyàn. Ó gbé ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde sí iwájú rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ibi kan, ó ní, "Ẹ bá mi ka ibí yìí, sà."

Bàbá fi ìka rẹ̀ tó le bí igi tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. *Fún ọdún méjì ni àwọn òbí rẹ̀ gbà pé ó ń díbọ́n.* Ó kà á, ó tún un kà. Ó gbójú sókè, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́?"

"Ọjọ́ mẹ́ta," dókítà ní.

"Ẹ gbà á."

Ọjọ́ kìíní kọjá, ọmọ jí, ó sáré lọ fọ ẹnu. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìyá ń nu ilẹ̀, ó ń ka ọjọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yẹn, àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù gbá bọ́ọ̀lù nínú àgbàlá, ọmọbìnrin náà sáré títí ó fi làágùn, ó sì jẹ oúnjẹ tiẹ̀, ó jẹ ti ọmọ bẹ́ẹ̀dì keje mọ́ ọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Àǹtí ò tíì rí kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀ tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Dókítà kékeré ni, ó ń sáré bọ̀, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́.

"Ó dé, Àǹtí! Ó ti dé! Mo ti gba ẹ̀jẹ̀ náà!" Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ wo ohun tí mò ń yọ̀ lé lórí."

Wọ́n jọ gòkè. Ọmọ náà nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì kẹfà, ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àǹtí Láíbìrì ò tíì rí i rí. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì ń tẹ̀ lé e bó ṣe ń bọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ọmọ náà ní. "Ẹ má bínú, mi ò lè kúnlẹ̀."

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa á lórí.

Èsì ẹ̀jẹ̀ dé kí aago méje tó lù. Pọ́táṣíọ̀mù ti lọ sílẹ̀ bí ìwé ṣe wí. Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn mọ́ ọmọ láyà, wọ́n po oògùn sínú kọ́ọ̀bù, ìyá àgbà sì ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bàbá ti dé, ó jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé itan. Dókítà Àgbà náà wọlé, ó ka èsì, ó ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde.

"Ta ló rí èyí?"

"Àǹtí Láíbìrì ni, sà," dókítà kékeré ní. "Àti ìyá àgbà ọmọ yìí."

Dókítà Àgbà ní, "Hùn." Ó kọjú sí ọmọ. "Wọ́n ṣì ọ́ gbọ́. Èmi náà ṣì ọ́ gbọ́. Má bínú." Ó fi ìwé náà sínú fáìlì fúnra rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tó ń lọ sí aago mẹ́wàá, bàbá ta gìrì. Ìka ẹsẹ̀ ọmọ ti ta mọ́ ọn ní àtẹ́lẹwọ́.

"Tún un ṣe," ó ní.

Ọmọ tún un ṣe.

"Tún un ṣe." Omijé ti ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ náà. "Opurọ́ ni mo pè ọ́. Níṣojú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ."

"Ó ti tán, Dádì," ọmọ ní. "Ẹ má sunkún, gbogbo bẹ́ẹ̀dì ló ń wò yín."

Kí dókítà kékeré tó kúrò, ó bi wọ́n léèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ní irú rẹ̀, nítorí àìsàn náà a máa tọ ẹ̀jẹ̀ lọ. Bàbá ní kò sí ní ọ̀dọ̀ tòun. Kọ́ọ̀bù ti ṣófo lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó ṣì ń fi ṣíbí rò ó.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá ìkàwé. Kò mú mọ́ọ̀pù, kò mú báàkẹ́ẹ̀tì. Ó dúró síwájú tábìlì.

"Àǹtí, mo ní ẹ̀gbọ́n kan rí. Ìyá kan náà ló bí wa."

Àǹtí pa ohun tó ń ṣe tì.

"Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Bó ṣe dàgbà tó, bó ṣe gbéyàwó, tó bímọ mẹ́ta, Ọ̀lẹ náà ni. Àwọn ọmọdé àdúgbò ò mọ orúkọ ẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ti lé e, nítorí bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní dìde. Tó bá di ọ̀sán, á ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀sán ò lè dí àlàfo ti àárọ̀. Bàbá wa a máa da omi tútù lé e lórí lórí ẹní. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ bu omi náà wá. Á máa wò mí. Omi á máa ṣàn lójú ẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ẹkún nínú ẹ̀."

"Ẹ ò mọ̀, Màmá."

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi. Ó ní, 'Àbúrò mi, mò ń pè é, kò dá mi lóhùn.' Apá ẹ̀ ló ń wí. Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ sọ fún gbogbo ilé, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín." Ojú rẹ̀ gbẹ, ó mọ́lẹ̀. "Kí ni ẹ ní wọ́n ń pè é nínú ìwé yín?"

Àǹtí mú bébà kan, ó fi bírò aláwọ̀ dúdú kọ ọ́ gàdàgbà. Ìyá gbà á, ó wò ó yí po.

"Mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ kọ́ mi kí n mọ̀ ọ́n sórí."

"Ìrọlápá-rọlẹ́sẹ̀ alásìkò."

"Ìrọlápá-rọlẹ́sẹ̀."

"Alásìkò."

"Alásìkò. Pé ó ń wá, ó ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Àkọ́bí ẹ̀ ọkùnrin kì í jẹ́ ká dárúkọ bàbá òun níṣojú òun. Ìtìjú ni. Dókítà sì ní àìsàn náà a máa tọ ẹ̀jẹ̀ lọ, ó yẹ kí àwọn ọmọ ẹ̀ náà wá ṣe àyẹ̀wò. Mo fẹ́ lọ bá wọn lọ́la. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé mi ò ní wá síbi iṣẹ́."

"Ìrìn náà á jìn. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín, kí n bá yín kà á fún wọn."

Ìyá rọra mi orí. Ó ṣẹ́ bébà náà sí mẹ́rin, ó fi sínú kọ́mú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Èmi ni mo bu omi. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ lọ sọ ọ́."

Ó jáde. Àǹtí Láíbìrì jókòó, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn àti ohùn rẹ̀ tó ń pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́. Ó ṣì í pè láàárín, ó dúró, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó pè é já.